Fálẹ́yìmú àti Góòlù Mẹ́sàn-án

Potogí tí Fálẹ́yìmú gbọ́ kò pọ̀ tó bí àwọn ará Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ṣe rò. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló lò ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn Ọ̀ṣun kan tí wọ́n wá ṣọdún ní Òṣogbo rí bàtà aláwọ tó ń ṣe, tí wọ́n sì mú un lọ kó lọ máa ṣe é fún wọn lọ́hùn-ún. Èdè tó kọ́ níbẹ̀ ni èyí tí ẹni tó ń ṣe bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà máa ń kọ́: ẹ káàárọ̀, eélòó ni, ó ti wọ́n jù, ẹsẹ̀ yín tóbi ju èyí lọ, àti orúkọ oríṣiríṣi ẹja. Ó gbọ́ ti bọ́ọ̀lù náà díẹ̀, torí pé rédíò kì í dákẹ́ ní ìsọ̀ ẹni tó múlé tì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ayé ṣe rí. Ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé, ohun tó bá ti sọ nípa ibẹ̀ ni abẹ gé, kò sẹ́ni tó máa ní kó mú ìwé ẹ̀rí jáde.

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta báyìí. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹlẹ́rìn-ín, tí nǹkan kan kì í bí nínú àfi kí èèyàn pè é ní ṣúmẹ́kà. Yóò ní oníṣẹ́ awọ ni òun, ẹni tó ń gbé àpótí kiri ni ṣúmẹ́kà. Ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé ara rẹ̀, Sikirat tó ń ránṣọ sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ògún bàbá rẹ̀ ni Fálẹ́yìmú ń bọ. Dúróoríkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Iléṣà, ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìwàlẹwà, sì ń bá àwọn méjèèjì jẹ ẹran ọdún láìyọ ẹnì kan sílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wà láyé tí Fálẹ́yìmú ń wárí fún, Phebe ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Phebe kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún márùndínlógójì ló fi gbẹ̀bí ní Iléṣà àti agbègbè rẹ̀, kò sì sí ọ̀dọ́kùnrin kan ní àdúgbò rẹ̀ tó lè yájú sí i, torí òun ló kọ́kọ́ gbá ìdí wọn. Nígbà tí Fálẹ́yìmú wá tọrọ ìyàwó, tí àwọn ẹbí ní àwọn kò lè fi ọmọ ìjọ fún abọ̀rìṣà, Phebe ló dìde láàrin wọn tó ní, "Ẹ béèrè bóyá olóòótọ́ ni. Bó bá jẹ́ olóòótọ́, ẹ fún un." Wọ́n béèrè, wọ́n sì fún un. Láti ọjọ́ náà, bí Fálẹ́yìmú bá rí Phebe, ìbáà jẹ́ lójú títì tí ẹrẹ̀ wà, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àna ni àna ń jẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Phebe bí, ọkùnrin, Tóbilọ́ba. Bàbá ọmọ náà ti kú tipẹ́. Ẹ̀sà-Òkè ni Tóbilọ́ba ti ń kàwé tí òkìkí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kàn, torí pé bó bá gba bọ́ọ̀lù tán, ẹni tó máa lé e bá gbọ́dọ̀ ti jẹun dáadáa lówùúrọ̀. Fálẹ́yìmú ló kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Bàhíà, ọ̀rẹ́ náà mọ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Estrela, ìyẹn ni Ìràwọ̀, báyìí sì ni ọmọ náà ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ. Àdéhùn oṣù mẹ́rin ni wọ́n bá a ṣe. Ní Bùràsíìlì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń kọ́kọ́ gbá tirẹ̀ láàrin ara wọn, bí ìgbà tí Òṣogbo, Iléṣà, Ẹdẹ àti Ìkìrun bá wọ̀yá ìjà títí tó fi máa ku ẹnì kan. Láti oṣù kìíní títí wọ oṣù kẹrin ni. Bí Tóbilọ́ba bá ṣe dáadáa nínú rẹ̀, wọ́n á tún àdéhùn ṣe.

Kò sí tẹlifíṣọ̀n ibí tó ń fi irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ hàn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà lórí fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò sì rí tàwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ tán ká tó máa sọ ti Bàhíà. Ìwàlẹwà ló wá rédíò ìlú náà kan rí lórí fóònù bàbá rẹ̀ kó tó padà sí Ìbàdàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Nǹkan tí Fálẹ́yìmú wá ń ṣe nìyí: ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Bàhíà, yóò fi fóònù kan gbọ́ rédíò, yóò fi èkejì pe Phebe ní Iléṣà. Phebe náà yóò so tirẹ̀ mọ́ sípíkà nínú pálọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ bíi méjìlá ti jókòó yí i ká. Bí ọkùnrin orí rédíò bá ti sọ̀rọ̀ ní Potogí, Fálẹ́yìmú yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ibi tí kò bá yé e, á fi ọ̀rọ̀ dídùn dí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù fún ogún ìṣẹ́jú, wọn kò dárúkọ Tóbilọ́ba.

"Bàbá Ìwà," Phebe pè é láti Iléṣà, "ọmọ mi dà? Mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀."

Fálẹ́yìmú tẹ́tí. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ń pariwo lémọ́lémọ́: Fogẹ́tì. Fogẹ́tì gbà á, Fogẹ́tì ń sáré bọ̀, Fogẹ́tì ti kọjá lára ẹni méjì. Fálẹ́yìmú mọ ohun tí fogẹ́tì ń jẹ́, ìyẹn iná tí wọ́n máa ń yìn sókè lọ́jọ́ ọdún tí yóò ṣe fáú lójú ọ̀run. Ó sì mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ kì í fi orúkọ àbísọ pe agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí i rárá. Ṣebí ìyàwó ilé náà kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Dúróoríkẹ́ fúnra rẹ̀, láti ọdún tó ti wọlé, Akọ̀wé ló ń pe àbúrò Fálẹ́yìmú, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán kí bírò má gbẹ. Fálẹ́yìmú rò ó pé àwọn ará Bàhíà ti fún ọmọ àwọn lórúkọ, bí ìyàwó ṣe ń ṣe. Ta ló wá tún sáré tó Tóbilọ́ba?

"Ẹ̀gbọ́n mi, Fogẹ́tì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀," ó wí. "Òun ló gba bọ́ọ̀lù yẹn."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Iná ọdún ni, Mà. Èyí tó máa ń fò."

Phebe rẹ́rìn-ín. "Ó bá a mu. Láti kékeré ló ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé."

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí Fogẹ́tì fi gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ariwo tó jáde láti inú fóònù Fálẹ́yìmú jẹ́ kí Sikirat ju aṣọ sílẹ̀ kó sì sáré wá wo ẹni tó kú.

Báyìí ni oṣù mẹ́ta ṣe lọ, oṣù mẹ́ta tó dùn ju oyin lọ. Fogẹ́tì gbá méjì lọ́sẹ̀ kejì, kò gbá nǹkan kan ní ìkẹta, ó gbá ọ̀kan tí wọ́n ní ó fi orí kàn ní ìkẹrin. Sikirat kì í ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ lọ́jọ́ Àìkú kí bọ́ọ̀lù tó tán. Ní Iléṣà, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta ilé Phebe bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní Ìyá Fogẹ́tì, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó ń ṣe bí ẹni pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé àwòrán tí Tóbilọ́ba fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ sára ògiri pálọ̀, èyí tó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ Estrela, aláwọ̀ ewé àti funfun. Bí ọmọ náà bá pè, tí ìyá rẹ̀ ní, "Mo gbọ́ bó o ṣe ṣe o, o kú iṣẹ́," yóò ní, "A dúpẹ́, Mà." Yóò béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé, yóò sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fẹ́ já. Phebe ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ló fà á. Bàbá rẹ̀ náà kì í sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n fi dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, góòlù Fogẹ́tì ti di méje. Lọ́jọ́ náà ó tún gbá méjì, Estrela sì borí. Bí eré ṣe parí ni àwọn oníròyìn mú ẹ̀rọ dé ẹnu Fogẹ́tì. Gbogbo pálọ̀ Phebe dákẹ́ láti gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Ohùn tó jáde nípọn, ó sì gbó bí ohùn ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n rédíò ni, òjò tó ń rọ̀ lọ́hùn-ún sì ń dà á láàmú, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ní Iléṣà. Fálẹ́yìmú tó jókòó ti rédíò náà mọ̀. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà kedere, torí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Fogẹ́tì ní kí wọ́n bá òun kí màmá òun, tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà pápá, tó fi àkàrà tọ́ òun àti àwọn àbúrò mẹ́rin dàgbà.

Ìyá tó fi àkàrà tọ́ ọmọ márùn-ún. Phebe kò dín àkàrà rí láyé rẹ̀, ọmọ kan ló sì bí.

Fálẹ́yìmú yí ohùn rédíò wálẹ̀.

"Bàbá Ìwà, kí ló wí?" Phebe béèrè.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ọkùnrin yìí. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, àṣìṣe ló ń ṣe, àṣìṣe ẹni tó rò pé òun mọ̀. Ó lè sọ ọ́ nígbà náà kó parí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjìlá ti dákẹ́ láti gbọ́ ọ, ohùn àna rẹ̀ sì ń dùn.

"Ó ní kí wọ́n bá òun kí màmá òun, Mà," ni Fálẹ́yìmú wí.

Orin ló gba ẹnu àwọn obìnrin náà. Nígbà tí orin rọlẹ̀, Phebe ní ìpinnu ti dé. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lọ́jọ́ àṣekágbá gan-an, òun yóò ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Góòlù mẹ́sàn-án, iṣu mẹ́sàn-án, obìnrin mẹ́sàn-án ni yóò rù wọ́n lọ síwájú pẹpẹ. Fálẹ́yìmú náà gbọ́dọ̀ wá, torí òun ni ẹnu tí gbogbo wọn fi gbọ́.

Fálẹ́yìmú sọ ọ́ fún Dúróoríkẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Dúróoríkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó rántí ìdúpẹ́, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un o, Bàbá Ìwà," ó wí. "Mi ò sí níbẹ̀. Mi ò gbọ́ Potogí."

Ọjọ́ Ajé lọ, Ìṣẹ́gun lọ. Fálẹ́yìmú ń gán bàtà, ó ń tú u, ó tún ń gán an. Gbogbo ìgbà tó bá gbé fóònù láti pe Iléṣà ni yóò rí i pé awọ kan wà tó yẹ kí òun kọ́kọ́ gé. Ìtìjú nìkan kọ́ ni. Ó rí i lójú ọkàn rẹ̀ bí Phebe yóò ṣe máa jó lọ síwájú pẹpẹ nítorí ọmọ ẹlòmíràn, tí ìròyìn yóò wá tú lẹ́yìn náà, tí gbogbo ìjọ yóò máa fi rẹ́rìn-ín. Ó sì rántí ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi gba ìyàwó fún un. Bí òun kò bá ṣe olóòótọ́ mọ́, kí ló kù tí òun fi jẹ́ àna wọn? Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di Iléṣà.

Ó rò pé òun yóò sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó jókòó. Phebe kò gbà. "Ẹ wọ ulé, ẹ wọ ulé," ó ń wí, Ìjẹ̀ṣà kì í gbẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn. Ó ti gúnyán kalẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ sì wà níbẹ̀. Ta ni yóò kọ iyán àna rẹ̀ ní Iléṣà? Fálẹ́yìmú jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, kí wá ni ti ẹnu tó jẹ iyán? Iṣu mẹ́sàn-án wà lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ àwòrán Tóbilọ́ba, wọ́n tóbi bí itan ọmọdé, Phebe sì ti fi ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé so wọ́n lọ́rùn.

Ìgbà tó fọwọ́ tán ni ó dọ̀bálẹ̀. Phebe rò pé ó ń dúpẹ́ oúnjẹ.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Iyán lásán."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Fálẹ́yìmú wí láti ilẹ̀, "àkàrà ni màmá Fogẹ́tì ń dín."

"Ta ni màmá Fogẹ́tì?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọ̀rọ̀ àkàrà. Phebe jókòó. Kò pariwo. Ó wo àwòrán ara ògiri, ó wo iṣu.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" Láti ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ṣe àna, kò pè é ní "o" rí.

"Sọ́ńdè tó kọjá, Mà. Nígbà tó ń kí màmá rẹ̀."

"Mi ò bínú sí oṣù mẹ́ta," ni Phebe wí. "Àṣìṣe nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́fà yìí ni mò ń bínú sí."

Fálẹ́yìmú dìde kúrò ní ìdọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì dùn ún dé eegun.

Lẹ́yìn náà ni Phebe béèrè ohun tí Fálẹ́yìmú, nínú gbogbo ìrònú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, kò tilẹ̀ rò kàn. "Níbo wá ni ọmọ tèmi wà?"

Wọ́n pe Tóbilọ́ba lórí wásáàpù. Ojú ìyá rẹ̀ nìkan ló rí tó fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Ó ní ìwé àṣẹ tí òun máa fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni kò tíì jáde. Láti oṣù kìíní ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀la ni, ọ̀la ni. Òun ń bá wọn ṣe ìdánrawò láàárọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje, òun kò lè wọ pápá. Òun kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú ìdíje náà.

"Kí ló dé tí o fi ń dá mi lóhùn nígbà tí mo bá kí ọ kú iṣẹ́?"

Ọmọ náà sún fóònù kúrò lójú díẹ̀. "Ojú tì mí, Mà. Ohùn yín sì máa ń dùn. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

Phebe wo ọmọ rẹ̀ nínú fóònù, ó wo Fálẹ́yìmú tó ṣì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. "Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì," ó wí, "ọdún márùndínlógójì ni mo fi gbẹ̀bí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó burú ju báyìí lọ fún èèyàn láàárọ̀, kí n tó jẹun. Ta ló ní kí ẹ máa bò mí lójú?" Ó ké díẹ̀, ó nu ojú. "Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun dáadáa, Mà."

"Ìyá Fogẹ́tì yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà."

"Lọ bá mi kí i. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, má fi nǹkan kan pa mọ́. Mo ti ń bá a yọ ayọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò sì mọ̀."

Ó pa fóònù. Fálẹ́yìmú ní òun yóò lọ sọ́dọ̀ olórí ìjọ fúnra òun, òun yóò ní kí wọ́n fagi lé ìdúpẹ́. Phebe ní kó lọ sùn ní yàrá àlejò, kó má sì jẹ́ kí òun gbọ́ ìró rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin mẹ́jọ ló ru iṣu. Ìkẹsàn-án, tí Phebe ti sọ òótọ́ fún bíi ti àwọn yòókù kí wọ́n tó jáde nílé, ní òun kò lè ru iṣu góòlù ayédèrú. Phebe yíjú sí Fálẹ́yìmú, ó kàn na ìka sí iṣu tó kù. Báyìí ni ọmọ Ògún ṣe fi aṣọ òsùká lé orí, tó ru iṣu, tó sì tẹ̀lé àwọn obìnrin ìjọ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, tí ojú sì tì í títí dé àtàǹpàkò. Ẹ má dá a lóhùn, Ògún náà fẹ́ràn iṣu.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú, tí akọrin dákẹ́, Phebe gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn.

"Góòlù mẹ́sàn-án tí mo pè yín sí," ó wí, "ọmọ mi kọ́ ló gbá a. Ọmọ obìnrin kan tó ń dín àkàrà ní Bàhíà ló gbá a. Oṣù mẹ́ta ni mo fi yọ ayọ̀ obìnrin náà láìtọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi ti fi í sí i o. Ó sì yẹ ọmọ náà." Ẹ̀rín sọ níbi kan lẹ́yìn, ó ràn ká gbogbo ilé. "Ẹ bá mi dúpẹ́ fún ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹnì kan wà lọ́hùn-ún tó ń bá mi dúpẹ́ fún tèmi. Ọmọ tèmi kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le. Ẹ bá mi dúpẹ́ fún ìyẹn náà."

Ijó tí wọ́n jó lọ́jọ́ náà, ìgbéyàwó kò gbà á. Obìnrin kẹsàn-án tí kò ru iṣu wà lára àwọn tó jó jù.

Alẹ́ ọjọ́ náà, pálọ̀ Phebe kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Fálẹ́yìmú sì sọ bọ́ọ̀lù àṣekágbá láti orí àga ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti yí padà. Bó bá sọ gbólóhùn méjì, yóò ní, "Èyí tó tẹ̀lé e kò yé mi." Bó bá tún sọ ọ̀kan, yóò ní, "Ó ń pariwo ni, mi ò mọ ohun tó ń pariwo lé lórí." Àwọn obìnrin ráhùn. Ọ̀kan ní ìgbà tó ń purọ́ ni bọ́ọ̀lù ń dùn. Estrela pàdánù pẹ̀lú àmì-ayò kan sí òdo, Fogẹ́tì gbá pẹnáritì lu òpó, gbogbo pálọ̀ sì káàánú rẹ̀ bí ẹni pé inú yàrá tó kàn ló wà. Síbẹ̀, Phebe kò tíì pe Fálẹ́yìmú ní "ẹ" padà. Bó ṣe ń lọ láàárọ̀ Ajé, "Ó dàbọ̀, kí ìyàwó rẹ" ló bá a sọ. Fálẹ́yìmú gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn nínú bọ́ọ̀sì dé Òṣogbo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń fi òwú gán bàtà ọmọléèwé kan nígbà tí ọ̀kadà dúró níwájú ìsọ̀. Phebe sọ̀kalẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Fálẹ́yìmú dọ̀bálẹ̀ sáàrin awọ. Sikirat gbé àga tirẹ̀ wá kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́.

"Tóbi fi fídíò ránṣẹ́," ni Phebe wí. "Ìyá yẹn ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lójúkojú. Ohun tó wí ni kí o sọ, má sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan tó sanra, tó wé gèlè funfun, jókòó sídìí agbada epo, Tóbilọ́ba sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àkàrà lọ́wọ́, epo lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí ẹran ọbẹ̀. Obìnrin náà nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Fálẹ́yìmú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó ní ẹ káàsán, ìyá Tóbi."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ó ní òun gbọ́ pé ẹ ru iṣu lọ sílé Ọlọ́run nítorí ọmọ òun. Ó ní òun sunkún nígbà tí òun gbọ́." Fálẹ́yìmú dánu dúró kó má baà sáré jù. "Ó ní láti oṣù kìíní, ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù nílé, bí àwọn yòókù bá ti wọ pápá, ọmọ yín nìkan ló máa ń ṣẹ́kù síta. Ó ní ẹ̀gbẹ́ agbada òun ló ń jókòó sí. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbọ́ rédíò. Ó ní ọmọ náà kò sùn pẹ̀lú ebi rí. Ó ní bí ọmọ òun bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, tiyín ló máa ń kọ́kọ́ dì mọ́ òun."

Omi ń dà lójú Phebe, kò sì nù ún. Sikirat náà ti ń fa imú.

"Ó tún sọ nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn," ni Phebe wí nígbà tó yá. "Kó tó rẹ́rìn-ín. Kí ni?"

Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin ni. Fálẹ́yìmú tún un gbọ́, ó fi fóònù sétí. Ó rí ojú àna rẹ̀ tó ń retí, ó sì mọ oríṣi ọ̀rọ̀ dídùn mẹ́wàá tó lè bọ́ síbẹ̀ láìsí ẹni tó máa mọ̀. Ó gbé fóònù kúrò létí.

"Kò yé mi, ẹ̀gbọ́n mi."

Phebe nu omi ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Bàbá Ìwà," ó wí. "Ẹ bá mi tún un gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀."